Aṣọ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tú

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ṣọ́ọ̀bù Téló.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ràn jù,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bọ̀dá wa ńkọ́, ṣé iṣẹ́ wọn ń lọ déédéé? Ṣé ọmọ ti ń rìn? Màmá wa wà, orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò lè sọ pé mo wà.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí inú mi ti bà jẹ́ láìnídìí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Mo kàn ń jí láàárọ̀ ni, á ti rẹ̀ mí kí n tó bọ́jú. Màmá ní ọ̀lẹ ni. Mo gbà, torí gbogbo nǹkan burúkú tí èèyàn bá sọ nípa mi lásìkò yìí, òótọ́ ló ń jọ lójú mi.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ gbé sátínì tí tísà kan mú wá fún mi, wọ́n ní kí n dá a rán, láti orí gígé títí dé bọ́tìnnì. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí mo ti fi ìwé sílẹ̀, ohun tí mò ń retí nìyẹn: wọ́n ní tó bá dára, àwọn á jẹ́ kí n máa gba aṣọ oníbàárà. Mo rán an tán lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo gbé e kọ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo tún wò ó, èjìká kan ga ju ìkejì lọ lójú mi, ọrùn rẹ̀ sì là bí ẹnu ẹja. Mo pe Abẹ́rẹ́, bá a ṣe ń pe ẹni tá a jọ ń kọ́ṣẹ́. Ó ní òun ò rí nǹkan kan, "Èjìká tìẹ ló wọ́, ìyá aròkàn." Mo ní ó ń tàn mí ni. Ọ̀gá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mú bíléèdì, mo tú gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, sátínì kì í gbàgbé. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gbà kọjá, ihò ibẹ̀ ò ní í dí mọ́. Aṣọ ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, wọn ò pariwo. Wọ́n tẹ́ èjìká méjèèjì lé ara wọn lórí tábìlì, wọ́n fi téèpù wọ̀n wọ́n. Dọ́gba-dọ́gba.

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí n tó jáde. Ó dára. Ta ló sọ fún ẹ pé kò dára?"

Mi ò rí ẹni tí mo máa dárúkọ.

Wọ́n ti wá sátínì míì fún tísà. Èmi náà ni wọ́n ní kí n rán an lọ́jọ́ Ajé. Mi ò tíì gbé sísọ́ọ̀sì, mo ti rí i lọ́kàn mi pé ó ti bà jẹ́.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá, ẹ dì mọ́ ọmọ fún mi. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹ kọ ohun kan péré tí mo ṣe dáadáa lójú yín ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá fèsì pé àánú ló mú yín kọ ọ́, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ tún un kọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Kékeré.