Babájídé Kò Sí Nínú Ìwé Kẹrin

Abà Ọ̀dàn, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi, Àkànní mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará ilé yín ní Ladi-Lak wà, ṣé omi ọ̀sà kò wọ yàrá yín lójò yìí? Ọlọ́run tó mú ọ la ilé ìwé já kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàrin àwọn ará Èkó. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ mi ti bímọ, ọ̀kan nínú wọn ń tiro. Mùtíù bíríkìlà tó ń bá wa tún ilé ṣe ní kí n kí ọ.

Ìwé ìtàn kẹrin tí o kọ, tí o fi rán awakọ̀ sí wa láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ní ìparí ìwé kẹta, ejò olórí méje bu Babájídé ṣán níhà, idà mànàmáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú, o sì pa ìwé dé! Ṣé bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn sílẹ̀ nìyẹn? Ọmọ Bàrígà tí ọkọ̀ ti kọ́kọ́ kọlù, tó wá lajú sí ayé mìíràn láàrin àwọn iwin, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sáré lọ bá Díákónì Samson, ó sì fi orúkọ Babájídé kún ti àwọn aláìsàn tí ìjọ wa ń gbàdúrà fún ní Ọjọ́rú. Ìyá Níní tí orúnkún ń dùn tilẹ̀ bínú, ó ní nítorí Babájídé ẹnikẹ́ni kò rántí orúnkún òun mọ́. Mùtíù náà ṣe àdúrà tirẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ó ní ejò kò mọ ẹ̀sìn.

Mo rí i pé o kọ ọ́ síwájú ìwé pé àròsọ ni, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Mo yìn ọ́. Ọgbọ́n àgbà ni, kí àwọn iwin má baà wá a kàn. Mo tilẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù láti pè é, obìnrin inú fóònù ní n kò ní kírẹ́díìtì. Kò ṣáà sọ pé ó ti kú, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú àwòrán tó wà nínú ìwé yẹn, ojú wọn ti tóbi jù, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Nígbà tí ìwé kẹrin dé, gbogbo ìjọ jókòó lẹ́yìn ìsìn, mo ń kà á sókè. Kò sí ejò, kò sí idà, kò sí Babájídé. Ìwé tó ti ń sáré láti ọjọ́ yìí wá, ó wá ń rìn jẹ́jẹ́ bí aláboyún. Leah ìyá Babájídé nìkan ni o ń sọ, bó ṣe ń yan ẹja ní Ìlàjẹ ti Bàrígà, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà láyé níbòmíràn. Díákónì sùn lọ. Mùtíù tó wá gbọ́ ìtàn ní ogun ti sú ọ. Mo bá a jà.

Mo di èlùbọ́ fún Leah, ó wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ìlàjẹ kò jìnnà sí ọ, fúnra rẹ ni kí o gbé e fún un, kí o sì sọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà fún un. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí o fi ń wò ó níran?

Ibì kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tí n kò lè kà fún wọn. Leah bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi àwo dé e, ó ní bóyá yóò wọlé. Mo purọ́ fún ìjọ pé ojú ń dùn mí. Tolúwalọpẹ́, ta ló sọ fún ọ? Láti ọdún tí o ti wálé kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń ṣe, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí.

Mo fẹ́ tọrọ owó páànù, mo sì fẹ́ tọrọ owó ọkọ̀ kún un kí n lè wá bá Leah jókòó. Owó páànù, fi ránṣẹ́. Owó ọkọ̀, má fi ránṣẹ́ mọ́, ìwọ ni kí o fi wọkọ̀ wálé.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ Babájídé náà. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ọ̀nà ilé.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Adébùnmí.