1704 Lórí Ẹnu Ọ̀nà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta 2024
Nesta ìyàwó mi tún jókòó láàárín àtẹ̀gùn. Ó ní òun ń gba afẹ́fẹ́. Irọ́ — orúnkún ni. Mo ti pinnu: ilé òkúta ẹ̀gbẹ́ ọlọ, níbi tí wọ́n ti máa ń yan ọkà gbẹ kí omi tó yí ọlọ lọ̀ ọ́, ló máa di yàrá wa. Kò ní àtẹ̀gùn. Ẹnu ọ̀nà ló kàn há. Bẹ́ẹ̀dì ò lè gbabẹ̀. A ó fẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, 6
Ọmọ Ìjọba dé — Lowri, tó ń bójú tó ilé àtijọ́ fún àgbègbè wa. Ó ka 1704 lára òkúta orí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Pugh, nítorí ọdún yìí, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà yìí o.” Mo mi orí bí àgbà ọlọ́gbọ́n.

Èmi ni mo gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́bọ̀, 7
Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. 1975. Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún, irun dé èjìká, ọpọlọ ò dé ibì kankan. Mo fẹ́ kí Nesta gbà pé láti ayé àtijọ́ ni ìdílé wa ti ń lọ ọkà níbí. Bẹ́ẹ̀, 1931 ni bàbá bàbá mi ra ọlọ náà. Mo gbẹ́ ọdún irọ́, mo fi ìgbẹ́ màálù pa á kó lè gbó. Nesta fẹ́ mi. Àtìgbà náà ni mo ti ń fi han àlejò.

Àìkú, 10
Nesta ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Ó ní kí n yé sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ajé, 11
Mo jẹ́wọ́ fún Lowri lórí fóònù, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Akọni ọkùnrin. Ó ní àwa méjèèjì tá a ni ilé la máa fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́. Nesta náà.

Ìṣẹ́gun, 12
Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Àfi búrẹ́dì èso, ègé mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 13
N kò tíì jẹ́wọ́ tán tí Nesta ti fọwọ́ síwèé. Ó ní, “Bàbá bàbá mi, mọlémọlé àdúgbò yìí, ló gbé òkúta yẹn síbẹ̀ fún yín nígbà tí ti àtijọ́ kán. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ṣeré dàgbà. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

“Ọwọ́ rẹ bó yánnayànna, o sì ń rùn fún ìgbẹ́ màálù. Mo ní ẹni tó lè ya wèrè tó báyìí nítorí mi, màá fẹ́ ẹ.”

Lowri ní ká fẹ ẹnu ọ̀nà, ká sọ òkúta náà nù. Nesta kọ̀ jálẹ̀. Iwájú bẹ́ẹ̀dì ló ní ká mọ ọ́n mọ́ ògiri, níbi tí òun á ti máa rí i tí òun bá jí. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo fi rò pé mo tan ẹnì kan.