Màmá Oníkẹ́místírì ti Òkè Baálẹ̀: Ìgbésí Ayé Olóògbé Phebe Fọláránmi Ògúnṣẹ̀yẹ, 1939 sí 1998

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni a bí màmá wa, Phebe Fọláránmi Ògúnṣẹ̀yẹ, sí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1939. Elisha Adédìran, àgbẹ̀ olóbì, ni bàbá wọn. Wúrà, ọmọ ilé Ẹkúndayọ̀, ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Kí wọ́n tó mọ ìwé í kà ni wọ́n ti mọ obì í kà, nítorí igba-igba ni bàbá wọn máa ń kà á sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń bá a ṣọ́ iye rẹ̀.

Ní ọdún 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Iléṣà ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i tí olùkọ́ kán ásíìdì sínú omi, tí àwọ̀ omi náà sì yí padà lójijì. Wọ́n sọ fún wa pé inú àwọn dùn dé ibi pé àwọn gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ ohun tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe. Wọ́n gba oyè kẹ́místírì ní yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965, wọ́n sì padà sí Iléṣà láti máa kọ́ni.

Ní ọdún 1967, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí Ògúnṣẹ̀yẹ, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, wọ́n sì kọ́lé sí Òkè Baálẹ̀. Bàbá a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ̀ ojú irin máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó ìyàwó òun bí ó bá ń wọn ásíìdì.

Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991, wọ́n gbé Màmá wá sí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Òṣogbo. Kẹ́místírì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú níbẹ̀. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà ní kíláàsì, bùrẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kán ásíìdì kò sì ju mẹ́fà lọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ pé bí èsì ìdánwò tó ń bọ̀ kò bá dára, òun yóò pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́.

Màmá kò ráhùn. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ méjì wọ kíláàsì, igba obì nínú ọ̀kan, igba orógbó nínú èkejì, wọ́n sì gbé wọn sórí ìwọ̀n. Iye kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni móòlù, òṣùwọ̀n tí a fi ń ka èròjà kẹ́místírì, rí: iye kan ni, kì í yí padà, ṣùgbọ́n móòlù kábọ́ọ̀nù kan wọn gíráàmù méjìlá, ti sódíọ́ọ̀mù sì wọn mẹ́tàlélógún. Wọ́n tọrọ okùn dírípù tuntun lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, wọ́n dè é mọ́ ẹnu ìgò omi, kí gbogbo ọmọ lè kọ́ bí a ṣe ń kán omi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ wọn fi rọ̀ sí i.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994 ni ìdánwò dé. Alàgbà Mùstàfá, alábòójútó tí wọ́n rán wá, yẹ ìwé àwọn ọmọ wò, ojú rẹ̀ sì le. Ó ti rí ìdánwò púpọ̀, kò sì rí ibi tí ọmọ méjìdínlógójì nínú mọ́kànlélógójì ti kọ 24.6 síísíì rí, gẹ́gẹ́ bí iye ásíìdì tó yí àwọ̀ omi sódà padà. Ó ní olùkọ́ ló sọ nọ́ńbà fún wọn. Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀sùn tí yóò fi gbẹ́sẹ̀ lé èsì gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ń sunkún níta.

Màmá bọ́ síwájú. Wọ́n ní, “Sà, ẹ bu omi lu ásíìdì yẹn kí n má mọ iye rẹ̀. Ẹ mú ọmọ tó bá wù yín, kí ó wọ̀n ọ́n níṣojú yín.”

Alàgbà Mùstàfá gbà. Ó dá wọ yàrá kan, ó po omi mọ́ ásíìdì náà títí ó fi kún ìgò ìdajì lítà, ó sì na ọwọ́ sí Sikirat. Àyà wa já nígbà tí Màmá ń sọ ìtàn yìí fún wa, nítorí Sikirat ni ọmọ tó máa ń gbàgbé pé móòlù ásíìdì méjì ló ń bá móòlù sódà kan lọ. Ọmọ náà ń kán ásíìdì sínú omi sódà díẹ̀díẹ̀, àfi bí àwọ̀ ṣe yí padà lórí 30.7. Ó tún un ṣe, 30.8 ni. Ó tẹ orí ba, ó ṣírò móòlù rẹ̀, kò gbàgbé eéjì náà. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

Ó ní, “Omi ọgọ́rùn-ún síísíì ni ẹ bù kún un, sà.”

Iye tí Alàgbà Mùstàfá bù kún un gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó fa ìwé ẹ̀sùn náà ya, ó yọ fìlà fún Màmá, ó ní kí wọ́n má bínú. Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ! Nígbà tí èsì jáde, ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló yege dáadáa, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì fúnra rẹ̀ wá bùrẹ́ẹ̀tì ogún sí i. Sikirat wọ yunifásítì láti kọ́ nípa oògùn.

Màmá jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tòótọ́, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún méjìlélógún. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1996, wọ́n dá kíláàsì ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọ wọn. Kristẹni àti Mùsùlùmí ló ń wá ní gbogbo Sátidé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1998, wọ́n yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò tán, wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn rọra fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn kò sì jí mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Sikirat wọkọ̀ láti yunifásítì wá, ó dúró síwájú pátákó, ó sì kọ́ àwọn ọmọ náà. Kíláàsì Màmá kò sinmi.

Wọ́n fi bàbá wa sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta: Oyèṣọlá, Fọláránmi àti Elisha, àwọn ọmọ-ọmọ: Shalom, Wisdom àti Testimony, àwọn àbúrò, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò lè ka iye wọn.

Ọmọ Adédìran, ìyàwó Ògúnṣẹ̀yẹ, ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín yanjú. Kí Olúwa tí ẹ kọrin sí lójú ayé tẹ́ ibùsùn àlàáfíà fún yín. Àwọn ọmọ yín ń ṣe dáadáa. Ó dàárọ̀ o, Màmá, ẹ sùn ire.