Ìlà Pupa Tó Tú Àṣírí Èmi àti Kápẹ́ńtà

Ọmọ mi àtàtà,

Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ ti yé jágbe? Ọlọ́run tó dá ẹ sí di òní kò ní já ẹ jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, àti ìyá rẹ tí kò dá mi lóhùn láti ọjọ́ Ẹtì, ìyẹn ló sì mú mi gbé bírò.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ni. Ọmọbìnrin kan dé sábúlé wa lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya ọ̀nà sínú máàpù, ó ní mọ́tò tó ń gbé aláìsàn kì í rí wa torí pé a ò sí níbẹ̀. Ó ní kí àwa tá a ní fóònù jẹ́ kí òun fi nǹkan kan sí i, táá máa kọ gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ wa bá tẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ka ìwé gígùn kan sí mi létí, ó ní láísẹ́ǹsì rẹ̀ nìyẹn, pé ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá ṣáà ti dárúkọ àwọn tó ṣe é. Inú mi dùn. Ọdún mélòó ni mo fi wá láísẹ́ǹsì ọ̀kadà tí wọn ò fún mi? Èyí wá jẹ́ láísẹ́ǹsì ẹsẹ̀, ta ló tún máa dá mi dúró! Mo tẹ “Mo gbà” lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà yẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi síbẹ̀ gàdàgbà. Lẹ́yìn náà mo gbé àga síwájú ilé, mò ń retí kí àwọn tó ń gba ọ̀nà wa dárúkọ mi bí òfin ṣe wí. Ẹnì kan ṣoṣo ló dárúkọ mi, ẹjọ́ ewúrẹ́ wa ló sì wá fi sùn.

O mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi kápẹ́ńtà kì í bára wa sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, nítorí àkàbà mi tó yá tó dá padà ní kíkán. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ó ti pé ọdún mẹ́rin tá a ti parí ẹ̀. Òjò ló ká wa mọ́ ilé ìlagi àtijọ́ lẹ́yìn odò, a wo ara wa títí, ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ojú tì wá láti sọ nílé, torí àwọn ìyàwó wa ti gba ìjà náà kanrí jù wá lọ. La bá ń pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án, à ń ta ayò dráàfù. Èmi á ní oko ni mò ń lọ, òun á ní igi lòun ń lọ wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin náà pe gbogbo wa sí kíláàsì kan nílé ìwé abúlé, ó tan máàpù sára ògiri. Abúlé wa yọ, a pàtẹ́wọ́! Àfi bí ìlà pupa kan ṣe jáde láti ilé mi tòun ti orúkọ mi, tí ìlà búlúù jáde láti ilé kápẹ́ńtà, wọ́n gba ẹ̀yìn odò, wọ́n pàdé nílé ìlagi, wọ́n ń jókòó fún wákàtí méjì lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko. Kò sí ìlà kankan tó dé oko mi. Nọ́ọ̀sì abúlé wa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ dìde, kò pariwo. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun fi yan odì sí ìyàwó kápẹ́ńtà nítorí tèmi, ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó ní nígbà tí obìnrin náà sìnkú ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn fèrèsé lòun dúró sí, òun ò lè lọ kí i, àṣé dráàfù ni mò ń ta. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Mo bá ọmọbìnrin yẹn, mo ní kó gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ kó dá ẹsẹ̀ mi padà. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun jẹ̀bi, ọ̀nà ló yẹ kóun fi han ayé, kì í ṣe ẹni tó rìn ín. Ó pa orúkọ wa àti wákàtí wa rẹ́ lójú mi, ọ̀nà nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ó ní tí ẹnì kan bá ti dà á kọ, òun ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ ò yà sílé, ilé ìyàwó kápẹ́ńtà ló gbà lọ tààrà. Èmi àti kápẹ́ńtà dúró sí ìta bí ẹni tó jí ẹran, a gbọ́ ẹkún, a gbọ́ ẹ̀rín, a wá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Látìgbà náà wọn ò yara wọn, àwa ni wọ́n wá ń yan odì sí! Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tá a fi tàn wọ́n. Tí ìyá rẹ bá fẹ́ kí n pọn omi, ewúrẹ́ ló máa sọ ọ́ fún. Èmi àti kápẹ́ńtà là ń dáná fúnra wa, ọbẹ̀ ẹ̀ sì ń rùn bíi pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ṣùgbọ́n iwájú ilé wa la ti ń ta dráàfù báyìí, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kó dùn lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí i fún ìyá rẹ, torí ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò, bóyá ó máa dín ọ̀sẹ̀ kan kù nínú ẹ̀wọ̀n mi. Tí wọ́n bá sì ní kí ìwọ náà tẹ “Mo gbà” níbẹ̀ yẹn, kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ ṣe.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rin ìrìn tí o ò lè sọ fún ìyàwó rẹ. Tí o bá sì rìn ín, kí Ó fún ẹ ní ẹnu láti tètè sọ ọ́, kó má jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.