Orúnkún Alàgbà àti Ọkàn Ọmọ Mi

Ẹ kú ètò o, olóòtú wa, ẹ kú òtútù, ẹ kú… ẹ gbà mí lọ́wọ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa! Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ingvald. Látìgbà tí oòrùn ò ti yọ mọ́ ní àríwá Nọ́wè níbí, ìbànújẹ́ ti dé ọmọ mi obìnrin mọ́lẹ̀, kò jẹun. Dókítà fún un lóògùn. Ingvald ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló fà á, lọmọ bá da oògùn nù! Nígbà tí ayé sú Èlíjà, ṣebí oúnjẹ àti oorun ni Ọlọ́run fún un?

Ara ń fu mí sí Ingvald yìí. Bí òkùnkùn ìgbà òtútù yìí bá ti dé lọ́dọọdún, Sípéènì ló ń sá lọ. Mo bi í, ó ní, "Màmá, orúnkún mi ló ń fẹ́ oòrùn." Orúnkún! Ọkàn ọmọ mi ńkọ́?

Olóòtú, tiyín lọmọ yìí máa ń gbọ́. Ẹ ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà.

Jorunn, ìwọ tí ò ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, má kọ orúkọ mi síbẹ̀ o. Ó yá, kà á kí n gbọ́.