Àmín Tí Mo Ṣe sí Ìwé Inúmidùn

Omifunfun,
lọ́nà Ore.

Ọlọ́runtóyìn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ló kọ́kọ́ kí ọ. Olúwa tó ń ṣọ́ wa nínú oko kòkó yóò máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn ilé gíga yẹn, o kò ní ṣìnà, o kò ní pàdé àgbákò. Àwọn ìwé gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tí o fi rán dírẹ́bà sí wa ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní gáréèjì Ore láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, òjò kò pa wọ́n. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, torí ọpẹ́ tí mo ní kò gba inú fóònù. Obìnrin kan wà nínú fóònù yẹn tó máa ń sọ fún mi pé owó mi ti tán kí n tó sọ̀rọ̀ débi tí mò ń lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ní sùúrù, mo tiẹ̀ bi í léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́, ọ̀rọ̀ owó yẹn náà ló tún sọ.

O rántí ohun tí mo ti pinnu lórí àbúrò rẹ. Inúmidùn fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan ní kíláàsì kìíní girama, kò lè ka gbólóhùn gẹ̀ẹ́sì kan délẹ̀, mo sì ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ ní Ore pé kó gbà á síṣẹ́. Ìwọ lo bẹ̀ mí pé kí n fún un ní sáà kan péré sí i. Mo gbà, àmọ́ ọkàn mi kò sí níbẹ̀.

Olùkọ́ wọn, Mísì Límátù, wá fún un ní fọ́ọ̀mù kan, pé lójoojúmọ́ kó ka ìwé sókè fún òbí rẹ̀, kí òbí náà sì fọwọ́ sí i. Mo wo fọ́ọ̀mù yẹn, mo rí i pé ti ìjọba ni, nítorí ìlà pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ya àpótí kéékèèké sí i. Ta ló ń fi aṣọ oko fọwọ́ sí ìwé ìjọba? Bí mo bá ti oko dé, màá wẹ̀, màá wọ aṣọ funfun àdúrà mi, màá jókòó, ọmọ á sì gbé ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí o fi ránṣẹ́ dúró níwájú mi. O mọ̀ pé Yorùbá inú Bíbélì nìkan ni mo lè kà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde kàwé níwájú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í kàn máa wò ó níran. Gbólóhùn tó bá ti kà tó dánu dúró, màá fi gbogbo ọkàn ṣe àmín, ìyá rẹ náà á ṣe tirẹ̀ láti ìdí ààrò. Ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín, mo rò pé ìwé náà ló ń dùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ kẹfà ni Saheed ọlọ́kadà, aládùúgbò wa, dúró gbọ́ wa. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí. Ó ní àgbẹ̀ kan ló wà nínú ìwé náà, ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ, kòkó rẹ̀ ti jẹrà, ewúrẹ́ rẹ̀ sì ń kú lọ. Ọlọ́runtóyìn, ara mi bù máṣọ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti ń ṣu gbuuru láti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo ní kí Inúmidùn padà sí ojú ewé kìíní, kó máa kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fi èdè Ìkálẹ̀ wa túmọ̀ rẹ̀ fún mi, kí n lè mọ èyí tí màá ṣe àmín sí àti èyí tí màá kọ̀. Bí ìtumọ̀ kò bá já gaara, mo máa ní kó tún un kà, torí ẹ̀mí wa ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, á kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ bi Mísì Límátù, á gba ìtumọ̀ rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí ìwé parí tí àgbẹ̀ yẹn ṣì jókòó sínú òjò, mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Mo ní kó mú bírò, kó fi gẹ̀ẹ́sì bá ọkùnrin náà kan òrùlé. Ó ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé, mo ní nínú ilé tèmi a ó ṣe é. Ọjọ́ méjì ló fi kọ ọ́. Àwọn ará abúlé kó páànù wá, wọ́n kan òrùlé, ewúrẹ́ náà sì bí ìbejì. Mo ṣe àmín sí èyí débi pé ohùn mi há. Ewúrẹ́ ìyá rẹ náà ti gbádùn.

Mísì Límátù rí ohun tí ọmọ náà kọ, ó ní kó dìde kà á fún gbogbo kíláàsì, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àṣé ó fẹ́ bi mí níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni, torí ohun tí mò ń ṣe nílé gan-an ni òun ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n ṣe. Mo ní èmi ń dáàbò bo ilé mi ni. Ọmọ náà yege nínú gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti gbé e lọ sí kíláàsì kejì. Mo ti lọ sọ fún aránṣọ yẹn pé kó má dúró dè wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wá ń dùn mí. Ìwọ náà wà ní kíláàsì yẹn rí. Ìwọ náà gbé ìwé wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kí o lọ kó kòkó tí a sá wọlé. Ọdún yẹn ni mo mú ọ kúrò níléèwé, mo ní orí rẹ kò gba gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe orí rẹ, èmi ni n kò jókòó. Owó tí o ń fi aṣọ fífọ̀ rí ní Èkó lo fi ra ìwé fún àbúrò rẹ, o kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí. Mo dúpẹ́, ọmọ mi, mo sì tọrọ àforíjì.

Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra ìwé atúmọ̀ èdè fún Inúmidùn, nítorí Mísì Límátù náà fẹ́ sinmi. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ìyá rẹ ní àtùpà onísóláà wu òun. Bí o bá wálé ní Kérésìmesì, mú ìwé kan wá bá mi, má wò ó pé o ti dàgbà. Bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo lè kà, màá jókòó títí o ó fi kà á tán. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ, Olúwa yóò dá a padà fún ọ, kò sì ní pẹ́ jù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́rundáre.