Ẹ Kú Ìjókòó

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ. A ti pààrọ̀ páànù ilé, kò jò mọ́. Ara ìyá rẹ le. Òun ló ń bá mi kọ èyí bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

Èmi tí kò ka ju ìwé méjì lọ, ta ni kò mọ̀ mí nídìí iṣẹ́ káfíńtà? Ilẹ̀kùn tí mo bá kàn, ọmọ-ọmọ onílé ni yóò lò ó gbó. Ṣùgbọ́n dókítà ní àìsàn tó ń jẹ iṣan mi yìí kò gbóògùn. Má fi oògùn kankan ránṣẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń kí mi ní "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́" ti yí i sí "Ẹ kú ìjókòó." Ìyá rẹ ní, "Ṣé ẹ ò jókòó ni?" Ìjókòó kẹ̀! Kí n tó gbé ife omi dé ẹnu, mo ti làágùn. Pákó líle tí mo fi ayùn rẹ́ rí kò dà mí láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Tí o bá pè, jọ̀wọ́, kí mi kú iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ láé.

Èmi bàbá rẹ, káfíńtà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.